Ẹja ló pa dáàmù wa

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá àdúgbò lè dáwó jọ, kí wọ́n fi yangí sé odò kékeré tó ń ya wọlé wọn lọ́dọọdún: ó ṣeé ṣe. Àwa náà ṣe é n'Íbàdàn lẹ́yìn omíyalé oṣù Kẹjọ 2011. Kò ju ọdún kejì lọ tí omi fi gbé e lọ.

Katapílà fi ọjọ́ méjì kó yẹ̀pẹ̀ jọ. Orí koríko àti iyanrìn odò la kó o lé, a ò gbẹ́ ìpìlẹ̀ kan amọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà la sì dà á. Ìpele-ìpele ló yẹ, kí ọ̀kan má ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ fi omi rin ín, kí ẹ gún un kó le kí òmíràn tó gùn ún. Amọ̀ tó dáa, bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ yí i kó tín-ín-rín bí ìrù eku, kò ní já wẹ́wẹ́.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló pa á. Ẹja ni. Omi dúró, epìyà wà nínú ẹ̀, làwọn kan bá ta àwọ̀n dí ojú ibi tí omi àpọ̀jù ń gbà jáde. Ewé àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà di àwọ̀n náà pa. Aago méjì òru ni mo gbé tọ́ọ̀ṣì débẹ̀: omi ń gba orí ògiri kọjá, kò nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Mo ní kò tíì burú. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́ta, ó ti gé ògiri dé ìdí.

Ìgbà tí mo wá ka ìtàn dáàmù tó ya lu ìlú Johnstown ní Amẹ́ríkà, 1889, ara mi bù máṣọ. Oníyẹ̀pẹ̀ ni tiwọn náà; wọ́n ti yọ páìpù ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n lè fi fa omi inú ẹ̀ jáde, wọ́n sì fi asẹ́ irin dí ojú àbájáde omi nítorí ẹja. Èèyàn tó bá omi náà lọ lé ní 2,200.

Nígbà tá a tún un mọ, a pe ẹnjiníà. Ẹ̀gbẹ́, lórí ilẹ̀ gidi tí ẹnikẹ́ni ò kó dà, ló ní ká gbẹ́ àbájáde sí. Ó fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò, ó sì fi mítà kan rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ. Páìpù ìsàlẹ̀ ò ní ìdérí, torí dáàmù tí ẹ fẹ́ fi gba àgbàrá gbọ́dọ̀ ṣófo kí òjò tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ epìyà, kó gbẹ́ kòtò tiẹ̀. Ìyá kan gbin máńgòrò sórí ògiri, a bẹ̀ wọ́n, a hú u. Gbòǹgbò tó bá jẹrà nínú yẹ̀pẹ̀, ọ̀nà omi ló ń dà. Ihò ikán àti ti òkété náà, ẹ máa wá wọn kiri.

Bí omi bá ń sun díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ògiri, tó mọ́ gaara, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ti ń pọ́n bíi yẹ̀pẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ kúrò ná.