Kí ló dé tí "gift" fi jẹ́ ẹ̀bùn lédè Gẹ̀ẹ́sì àmọ́ tó jẹ́ májèlé ní Jámánì?

Kò ṣèèṣì bára mu o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Látinú ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí "fún" ni wọ́n ti yọ ọ́, ìyẹn ni pé "gift" jẹ́ ohun tí wọ́n fún èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì dúró sórí ẹ̀bùn ní tiẹ̀. Ti Jámánì ló yí, torí àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ máa ń pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n bá fún aláìsàn ní "dosis", ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "fífúnni", ni wọ́n bá ń lo Gift fún ohun tí wọ́n fún èèyàn mu, nígbà tó yá ó wá di èyí tó ń pani nìkan. Ẹ ṣáà mọ bí àwa náà ṣe ń sọ pé "wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ", a ò dárúkọ májèlé rárá àmọ́ ó ti yé gbogbo èèyàn.

Ti Sweden ló dùn mọ́ mi jù: "gift" níbẹ̀ jẹ́ májèlé, ó tún jẹ́ ẹni tó ti ṣègbéyàwó, tí wọ́n bá ní "hon är gift", obìnrin yẹn ti wà nílé ọkọ nìyẹn. Látinú fífi ọmọ fọ́kọ nìyẹn ti wá, kódà Jámánì ṣì ní "Mitgift", ẹrù tí ìyàwó ń kó lọ sílé ọkọ.

Àwọn ará Netherlands ní tiwọn pín in sí méjì, "gift" ni ẹ̀bùn, "gif" ni májèlé.

Tẹ́ ẹ bá wá rí Gift lára ike kan ní Berlin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣí i.