Ẹsẹ̀ àti Àgógó Ni Kí Ẹ Wò: Ìdáhùn Sáwọn Ìbéèrè Yín Lórí Ẹyẹ Etíkun Lásìkò Ọyẹ́

Láti October tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí di April, etíkun wa àti àbàtà ẹ̀bá ọ̀sà máa ń kún fún ẹyẹ tí a kì í rí nígbà òjò. Ìbéèrè yín lórí wọn la ń dáhùn lóṣù yìí. Kí ẹ tó máa kà á lọ, ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àlejò yìí ti bọ́ ìyẹ́ aláràbarà tí wọ́n fi ń wá aya sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, eérú àti funfun ló kù lára wọn. Ẹsẹ̀, àgógó àti ìrìn ló ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ìbéèrè (Àgbádárìgì): Àwọn ẹyẹ kékeré kan wà létí òkun níbí tó máa ń sáré tẹ̀ lé ìgbì bó bá ń padà, tí wọ́n á tún sá fún un bó bá ń bọ̀. Bí òjò bá dé, a ò ní rí wọn mọ́. Ẹyẹ wo ni, ibo ni wọ́n sì ń lọ?

Ìdáhùn: Sanderling ni. Kò ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ láti orí dé ìrù, ó sì wúwo tó 50 sí 60 gíráàmù, bí ẹyin adìyẹ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ láwọ̀ eérú, ikùn rẹ̀ funfun báláú, àgógó àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ohun tó ń sáré tẹ̀ lé ni àwọn kòkòrò inú yanrìn tí ìgbì tó ń padà tú síta. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni wọ́n ní kí wọ́n tó tún rì wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹyẹ náà ò fi ráyè sinmi.

Bí ó bá ti fò lọ, ẹ wo ipasẹ̀ rẹ̀ lórí yanrìn tútù. Ìka mẹ́ta ni ẹ máa rí, gbogbo wọn kọjú síwájú. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ etíkun tó bá a tan ní ìka kékeré kan lẹ́yìn, sanderling ò ní in. Ringed plover náà ò ní in, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tiẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrìn rẹ̀ sì yàtọ̀: á sáré díẹ̀, á dúró sán-ún, á tẹ̀ ba, á ṣa nǹkan jẹ, á tún sáré. Èyí tí ẹ bá rí tó ń fi àgógó yí ìdọ̀tí àti ìkarahun dà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó sì pọ́n bí ọsàn, turnstone ni. Èyí tó dá dúró lórí òkúta tàbí létí ọkọ̀ ojú omi, tí ìdí rẹ̀ ń mì sókè sódò láìsinmi, common sandpiper ni, kì í sì í bá ìgbì sáré.

Àríwá ayé pátápátá, ní Greenland àti Siberia, ni sanderling ti ń yé ẹyin. Àwọn kan tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ fi òrùka aláwọ̀ sí lẹ́sẹ̀ ní Greenland kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ ti fara hàn létíkun Gánà. Láti August ni wọ́n ti ń padà bọ̀, April sí May ni wọ́n ń lọ. Bí ẹ bá rí méjì mẹ́ta lóṣù July, kì í ṣe pé wọ́n sọnù. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún kan nínú wọn sábà máa ń dúró síbi tí wọ́n bá wà, nítorí wọn ò tíì tó ẹni tó ń yé.

Ìbéèrè (Ìkòròdú): Ṣé lékèélékèé ni gbogbo ẹyẹ funfun tó wà ní àbàtà ẹ̀yìn ilé wa? Àwọn kan ga, àwọn kan kúrú.

Ìdáhùn: Rárá o. Irú márùn-ún ó kéré tán ni ẹ lè rí papọ̀ níbẹ̀.

Lékèélékèé gan-an, èyí tí àwọn ọmọdé ń bẹ̀ pé kó fún àwọn ní èékánná funfun, ni ọrùn rẹ̀ kúrú tó sì ki, tí àgógó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹyin. Ilẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́ràn: ẹ̀yìn màlúù, ẹ̀yìn ẹni tó ń gé koríko, orí àkìtàn. Tata àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jẹ ju ẹja lọ. Òun náà ń rìnrìn àjò, àmọ́ inú ilẹ̀ Áfíríkà ló ń rìn ín: ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ níhà gúúsù, bí òjò bá dé, púpọ̀ nínú wọn á gba òkè ọya lọ yé ẹyin.

Èyí tó ń wọ́ omi, tí àgógó rẹ̀ dúdú, tó tín-ín-rín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú ṣùgbọ́n tí àwọn ìka rẹ̀ pupa rúsúrúsú, little egret ni. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, á na ẹsẹ̀ kan síwájú, á fi máa gbọn ẹrẹ̀ kí ẹja lè sá jáde. Bí kò bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ìka náà ò ní hàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹ dúró dìgbà tó bá fò, ìka á na sẹ́yìn, ẹ ó rí i kedere.

Àwọn gíga ló ń dààmú èèyàn jù. Great egret lè tó mítà kan ní gíga, intermediate egret kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo bá dúró láìsí èkejì, gíga ò ran ni lọ́wọ́. Igun ẹnu ni kí ẹ wò. Ti great egret ya kọjá ẹ̀yìn ojú, ti intermediate dúró sábẹ́ ojú. Ó gba awò (bainọ́kúlà) tó dára àti sùúrù. Bí ẹ ò bá rí igun ẹnu náà, ẹ kọ "ẹyẹ funfun gíga" sílẹ̀, ó sàn ju kí ẹ máa fi orí pín in.

Ìkarùn-ún ni western reef heron. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa dúdú bí aró, ọ̀fun rẹ̀ nìkan ló funfun, ṣùgbọ́n àwọn funfun wà nínú wọn, ìka wọn náà sì pupa rúsúrúsú bíi ti little egret. Àgógó ló yà wọ́n sọ́tọ̀: ti reef heron nípọn, ó tẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀, kì í sì í dúdú bíi ti èkejì.

Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó lúgọ sínú koríko, tó di funfun lójijì bó ti fò, kò pa àwọ̀ dà. Squacco heron ni, apá rẹ̀ ló funfun, ó kó o pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn ni. Èyí tó ń rìn lórí òṣíbàtà láìrì sì ni jacana, ìka gbọọrọ rẹ̀ ló ń pín ìwúwo rẹ̀ ká orí ewé.

Ìbéèrè (Lẹ́kki): Aago méjìlá ọ̀sán ni mo máa ń ráyè dé etíkun, dúdú ni gbogbo ẹyẹ ń rí lójú mi. Ṣé awò mi ni kò dára?

Ìdáhùn: Oòrùn ni, kì í ṣe awò. Gúúsù ni etíkun Èkó kọjú sí, gúúsù náà sì ni oòrùn máa ń wà ní December àti January. Ẹni tó bá kọjú sókun lọ́sàn-án ń wo inú oòrùn ni, òjìji ẹyẹ nìkan ló máa rí. Ẹ jáde láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn, kí ẹ máa rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Bó bá di aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ yí i padà. Ọ̀sán tún máa ń mú kí afẹ́fẹ́ orí yanrìn máa gbọ̀n, bí ọyẹ́ bá sì mú gan-an, eruku á bo ojú ọ̀run débi pé ẹyẹ tó jìnnà á dà bí kùrukùru.

Ẹ wo ìgbà tí omi ń kún náà. Lọ́dọ̀ wa, ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi fífà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà tẹ́jú, ìwọ̀nba omi tó bá fà níbẹ̀ á ṣí ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Omi kíkún kan àti èkejì fi nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 jìnnà síra, nítorí náà, àkókò tí ẹ bá rí i lónìí á fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ lọ́la. Nínú ọ̀sà, ó máa ń pẹ́ ju tòkun lọ. Ìgbà tí omi ń fà ni whimbrel, ẹyẹ ńlá tí àgógó rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ sísàlẹ̀, máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà wá ṣọdẹ akàn. Bí omi bá kún, á padà lọ dúró sórí gbòǹgbò.

Ẹ fi bí ìṣísẹ̀ ọgọ́rin sí àárín ẹ̀yin àti agbo ẹyẹ. Bí gbogbo wọn bá gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n dẹ́kun jíjẹ, ẹ ti sún mọ́ wọn jù nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Láti March ni wọ́n ti ń kó ọ̀rá sára fún ìrìn àjò, ajá àti ẹṣin tó ń lé wọn kiri sì ń jẹ wọ́n níyà gan-an.

Ìbéèrè (Ìbàdàn): Bainọ́kúlà wo ni kí n rà? Wọ́n ní 20×50 ló ń fa nǹkan súnmọ́ni jù.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á fún ẹyẹ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi sí i, èkejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ẹ fi àkọ́kọ́ pín èkejì: bí ẹ bá fi 20 pín 50, ó jẹ́ 2.5; bí ẹ bá fi 8 pín 42, ó jẹ́ 5.25. Fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú yín ní mìlímítà nìyẹn, nítorí náà 20×50 á ṣókùnkùn láàárọ̀ kùtùkùtù, atẹ́gùn òkun á sì máa gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́ yín. 8×42 la fọwọ́ sí.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ kọjú gíláàsì iwájú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ òwú aláǹtakùn, èbu ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà iná, kí ẹ rọra máa gbé awò náà jìnnà sójú. Bí wáyà kan bá di méjì, inú rẹ̀ ti yẹ̀, orí á máa fọ́ yín ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún olówó ẹ̀.

Láti tò ó sójú: ẹ di gíláàsì ọ̀tún, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ àárín mú ìwé kan mọ́lẹ̀ fún ojú òsì. Ẹ di ti òsì, kí ẹ yí òrùka ojú ọ̀tún títí tí ìwé náà fi mọ́ bákan náà. Ẹ má tún fọwọ́ kan òrùka yẹn mọ́. Bí eruku ọyẹ́ bá bò ó, ẹ fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó nù ún, nítorí yanrìn tí ẹ bá fi aṣọ fà á ni yóò ya gíláàsì. Iyọ̀ òkun, aṣọ tó rin díẹ̀ nínú omi tútù ló ń mú un kúrò.

Ìbéèrè (Thamesmead, London): Àwọn ẹyẹ tí mò ń rí lórí ẹrẹ̀ odò Thames lóṣù December, ṣé wọ́n ń dé Èkó?

Ìdáhùn: Ẹ kú òtútù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ ń rí ní December ni kò wá, nítorí ibẹ̀ gan-an ló jẹ́ ibi tí wọ́n sá òtútù àríwá wá: redshank ẹlẹ́sẹ̀ pupa, dunlin tí àgógó rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, avocet tí tiẹ̀ yí sókè, teal àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó mìíràn. Àwọn tó ń dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kúrò lọ́dọ̀ yín kí October tó parí: common tern, Sandwich tern, whimbrel àti ọ̀pọ̀ common sandpiper. Ẹ máa retí wọn láti April.

Ti omi yàtọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mítà mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Thames lè fi ga sókè. Bí omi bá fà pátápátá, ẹyẹ á jìnnà jù. Ẹ dé Crossness, tàbí Rainham Marshes lódìkejì odò, ní bíi wákàtí méjì kí omi tó kún. Omi fúnra rẹ̀ á máa tì wọ́n bọ̀ wá bá yín.

Ìbéèrè (Ìlàjẹ): Àwọ̀n apẹja mú ẹyẹ òkun kan, òrùka irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Bó bá wà láàyè, ẹ fi aṣọ bo orí rẹ̀, á fara balẹ̀. Ẹ gé okùn àwọ̀n, ẹ má fà á. Ẹ ya òrùka náà láwòrán yíká, nítorí nọ́ńbà kì í hàn tán lójú kan. Ẹ kọ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ ibẹ̀ àti bí ẹyẹ náà ṣe rí. Ẹ má yọ òrùka o, ẹ jẹ́ kó fò lọ. Bí òrùka aláwọ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni òsì ẹyẹ fúnra rẹ̀, kì í ṣe òsì ẹ̀yin tí ẹ kọjú sí i. Àṣìṣe tó ń ba ìròyìn jẹ́ jù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ara òrùka ló ń sọ ibi tó ti wá: ti Jámánì lè ní Helgoland, ti Netherlands lè ní Arnhem, ti Bìrìtìkó ní www.ring.ac, ibẹ̀ náà lẹ ó fi ránṣẹ́ sí. Fún àwọn yòókù ní Yúróòpù, ẹ wá EURING, ẹgbẹ́ tó ń so iṣẹ́ òrùka ẹyẹ ní Yúróòpù pọ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó bá ti kú, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, àrùn lùkúlùkú ẹyẹ (bird flu) ti wọ Nàìjíríà láti 2006. Ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, kí ẹ fi dì í mú, kí ẹ ka òrùka, kí ẹ sin ín jinlẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ má sè é.

Ìbéèrè (Ẹ̀pẹ́): Ta ló nílò iye ẹyẹ tí mo bá kà?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project. Áàpù BirdLasser ni wọ́n ń lò. Wọ́n pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹ lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, kí ẹ kọ ẹyẹ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń rí wọn tẹ̀ léra. Fún agbo ńlá, ẹ ka mẹ́wàá dájú, ẹ wo bí mẹ́wàá náà ṣe fẹ̀ tó lójú, kí ẹ máa fi wọn ìyókù. Bí wọ́n bá fò kí ẹ tó kà tán, ẹ kọ iye tí ẹ rí dájú, kí ẹ fi "ó kéré tán" síwájú rẹ̀.