Kí n tó san owó tó kù fún mẹkáníìkì

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkún-Èkìtì ni mo ti ń sin ẹja. Mẹkáníìkì kan l'Ádó tú pọ́ǹpù oníńṣì méjì mi, ó ní òun ti pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, páàtì àtijọ́ ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Bó bá ní òun ti jù ú nù, fura. Yọ púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, kí o rọra fa okùn tí a fi ń tan án: ìmpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù tó ń ti omi, gbọ́dọ̀ yí láìha ara ilé rẹ̀. Bí irin bá ń ha irin, kó tún un tú ni.

Rọ omi kún ikùn pọ́ǹpù kí o tó tan án. Àwọn kan á ní kí o tan án ní gbígbẹ kí o lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Má gbà! Omi ló ń tu síìlì (ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò jáde) lára. Láìsí omi, á jó. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù ti pàdé. Omi tó bá ń kán níbẹ̀, síìlì kò jókòó nìyẹn.

Bí omi kò bá jáde dáadáa, wo páìpù tó ń fa omi kí o tó bá mẹkáníìkì jà. Kílíìpù tí kò le máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.