Pápá wo ló wà lára òòfà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Olùkọ́. Ìwé sáyẹ́ǹsì ọmọ mi ní òòfà ní "pápá". Pápá wo nìyẹn? – Bàbá kan, Òkèlele, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Bàbá. Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ọmọ alágbẹ̀dẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá ní 1845. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò. Ojú ló fi ń mọ nǹkan. (Maxwell, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, ló wá fi ìṣirò tì í lẹ́yìn.)

Ẹ tọrọ lẹ́búlẹ́bú irin lọ́wọ́ wẹ́dà. Ẹ fi òòfà sábẹ́ bébà, ẹ bu irin náà wọ́n ọn, kí ẹ rọra fi ìka kan bébà. Wọ́n á tò yípo, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, bí ipa ẹsẹ̀ nínú koríko. Mo ti ṣe é ní kíláàsì l'Ọ́fà láìmọye ìgbà. Ara mi ṣì máa ń bù máṣọ. Ibi gbogbo tí agbára òòfà bá dé, pápá rẹ̀ nìyẹn.