Ṣé tíì nìkan ni wọ́n ń mu nílé tíì ní Chengdu?

Rárá o. Ní Chengdu, olú-ìlú Sichuan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ilé tíì ni ojúkò àdúgbò. Ẹni tó bá ti sanwó ife kan lè jókòó sórí àga ọparun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á kàn máa bu omi gbígbóná kún un ni. Ife náà, gaiwan, ní ọmọrí àti àwo pẹrẹsẹ lábẹ́. Ọmọrí yẹn ni wọ́n fi ń ti ewé tíì sẹ́yìn kí wọ́n tó mu ún. Tíì olóòórùn òdòdó jásímínì wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Àwọn kan ń ta mahjong, eré orí tábìlì àwọn ará Ṣáínà, àwọn mìíràn jókòó kí oníṣẹ́ yọ ìdọ̀tí etí wọn. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti àtijọ́: àwọn tó ń jà máa ń gbé ẹjọ́ wọn wá sílé tíì níwájú aládùúgbò, ẹni tó bá sì jẹ̀bi ni yóò san owó tíì gbogbo wọn. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ yà sí ilé tíì Heming nínú ọgbà ìgbafẹ́ Renmin. Ó ti wà láti 1923.