Kí o tó ra pákó ukulele

Àbúrò mi, o ní o ti forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ukulele ṣíṣe, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin nì, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, o wá ń béèrè bóyá ìrókò ni kí o rà àbí ọ̀gànwó. Ọ̀gànwó ni. Má sì gbọ́ tẹni tó bá ní àfi igi koa ti Hawaii. Àwọn káfíńtà tó ti Madeira, erékùṣù Portugal, dé Hawaii lọ́dún 1879, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ukulele ṣíṣe, ló bá koa níbẹ̀, igi ibi tí wọ́n dé ni wọ́n lò. Ilé-iṣẹ́ Martin tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà náà ti fi mahogany, ìbátan ọ̀gànwó wa, ṣe é láti 1916.

Omi inú igi ló fìyà jẹ èmi. Àsìkò òjò la ṣe tèmi. Pákó náà ṣì tutù lọ́wọ́, mo sì sọ ọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa fi ìka kàn án kókókó, ó ní ó ti gbẹ, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. A fá a, a lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ẹ̀yìn rẹ̀ látinú, a lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ń dún dáadáa títí ọ̀yẹ́ fi dé. Pákó fẹ́ súnkì, igi tó dábùú kò gbà fún un. Lóru ọjọ́ kan ló dún pàù bí ìgbà tí wọ́n pa ẹ̀kùrọ́. Mo tan iná, ẹ̀yìn ti là láti ìdí títí dé ìbàdí, èékánná mi ń wọ ojú ibẹ̀. Mo gbé e padà lọ, ọ̀gá ní okùn ni mo fà le jù. Iwájú kúkú ni okùn so mọ́! Inú ṣì ń bí mi di bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, torí owó gidi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Ra pákó rẹ ṣáájú. Là á tẹ́ẹ́rẹ́, tò ó sínú iyàrá pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ láàárín kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, má sá a sóòrùn. Gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn ẹlẹ́ja yìnyín ní Sábó, fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára pákó náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tún wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ló gbẹ. Bí o bá lè dúró de ọ̀yẹ́ kí o tó lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, dúró.

Ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Fá a kó ku bíi mìlímítà 2, rẹ ẹ́ sómi, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lára páìpù irin gbígbóná. Ọrùn kò le, wọ́n á fi hàn ọ́.

Bí wọ́n bá sì fi dandan gbé ìrókò fún ọ, bo imú àti ẹnu rẹ nígbà tí o bá ń fi sáńpépà ha á. Eruku rẹ̀ ń fa ikọ́, ó sì ń mú ara yún àwọn mìíràn gan-an.

Tún fi rúlà wọn àwòṣe fírẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, tí wọ́n bá fún ọ. Bí okùn bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 34, fi 17.817 pín in, fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ á bọ́ sí bíi mìlímítà 19 láti ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ lókè ọrùn. Yọ ìyẹn kúrò, fi nọ́ńbà kan náà pín èyí tó kù, máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Fírẹ́ẹ̀tì ìkejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 17 láti ibẹ̀ kan náà. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, má lẹ bíríìjì, igi tí okùn so mọ́ níwájú, ẹni yòówù tó bá ń pariwo lé ọ lórí.