Èwo ni kí n mú wálé fún Màmá nínú ìtọ́jú ara àwọn ará Ṣáínà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Guangzhou ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ra ọjà ránṣẹ́ sílé. Láràárọ̀ ni mo ń rí àwọn àgbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí wọ́n ń na ara jẹ́jẹ́, tí ara wọn sì dá ṣáṣá. Wọn kì í mu omi tútù. Tó bá dalẹ́, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Èso pupa wẹ́wẹ́ kan kì í sì í wọ́n nínú fúláàsì wọn. Màmá mi wà n'Íbàdàn, ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Amlodipine àti metformin ni dókítà ní kí wọ́n máa lò. Onílé mi ní kí n ra báàfù ìfọsẹ̀ oníná kan fún wọn, pẹ̀lú àpò àgbo gbígbẹ kan tó ní yóò fọ ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́. Ṣé kí n rà wọ́n? Kí ló dáa láti mú wálé nínú gbogbo rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ má ra àpò àgbo yẹn, ẹ sì fi báàfù oníná náà sílẹ̀ lórí àtẹ. Ohun tí ẹ ń rí nínú ọgbà láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lé lórí, òun gan-an ni kí ẹ kó wálé.

Yangsheng ni àwọn ará Ṣáínà ń pe ìlànà ìgbé ayé yìí: kí èèyàn ti máa tọ́jú ara kí àìsàn tó yọjú. Ó ti wà nínú Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn wọn kan tó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Ìwé náà ní ẹni tó dúró dìgbà tí àìsàn wọlé kó tó wá oògùn dà bí ẹni tó jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga. Nígbà tó ń ṣàlàyé ohun tó mú àwọn ará àtijọ́ pẹ́ láyé, kò ka ewé tàbí egbò kankan. Ó ní wọ́n ń jẹun níwọ̀n, wọ́n ń sùn lásìkò, wọ́n ń jí lásìkò, wọn ò sì fi iṣẹ́ pa ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ọgbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ taijiquan, eré ìmárale jẹ́jẹ́ tí wọ́n tún ń pè ní tai chi, ni àwọn àgbà náà ń ṣe. Ìjà ni wọ́n fi ṣe níbẹ̀rẹ̀, ní abúlé ìdílé Chen ní ìpínlẹ̀ Henan, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé sẹ́yìn. Ní 1956, ìjọba Ṣáínà gé e kúrú sí ìṣísẹ̀ 24 kí mẹ̀kúnnù lè rí i kọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ fún Màmá ni baduanjin, eré ìmárale jẹ́jẹ́ mìíràn, nítorí ìṣípòpadà mẹ́jọ péré ni gbogbo rẹ̀, kò sì gbàyè ju ẹ̀gbẹ́ àga lọ. Àkọ́kọ́ rèé: kí Màmá dúró ṣánṣán, kí wọ́n fi ọmọ ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ra níwájú ikùn, kí wọ́n gbé ọwọ́ náà gba iwájú ojú kọjá, kí wọ́n wá yí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ ti àjà. Kí wọ́n máa mí síta, kí wọ́n máa mí sínú, torí pé ẹlẹ́jẹ̀ ríru kì í sé èémí mọ́ra. Lẹ́yìn náà, kí ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́jọ ni pé kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ sókè kí wọ́n sì jẹ́ kó balẹ̀, lẹ́ẹ̀méje. Ẹ̀yìn àga tó wúwo ni kí Màmá dì mú fún ìyẹn, kì í ṣe àga rọ́bà. Nǹkan tí ìwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jù nípa irú eré ìmárale yìí, pàápàá taijiquan, ni pé ó ń dín ìṣubú àwọn àgbà kù. Ẹni tó bá ti rí ohun tí egungun ìbàdí tó kán ń fojú arúgbó rí mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ọrẹ.

Ìkejì tí mo tún fọwọ́ sí ni ìrìn lẹ́yìn oúnjẹ. Sun Simiao, oníṣègùn tó kú ní 682, ti ń sọ fáwọn èèyàn nígbà náà pé kí wọ́n rìn tí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n sì máa fọwọ́ pa ikùn. Títí dòní, àwọn ará Ṣáínà ń powe pé ẹni tó bá rin ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ á gbé di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. N ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ iye ọdún yẹn. Ohun tó dá mi lójú ni pé iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò tí oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú u síbẹ̀. Kí Màmá tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn àmàlà, kí wọ́n lọ kí aládùúgbò méjì kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ìrìn yìí ò léwu fún wọn. Tó bá jẹ́ insulin tàbí glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó lè já ṣúgà wálẹ̀ jù, ni wọ́n ń lò, ǹ bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Ṣáínà tún máa ń sọ pé kí èèyàn jẹun dé ìdá méje nínú mẹ́wàá ikùn, kí oúnjẹ alẹ́ sì kéré jù lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, pàápàá fún onítọ̀ ṣúgà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì wọn lẹ́ ẹ máa kó wálé. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ sóyà, ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì fẹ́ iyọ̀. Ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń jẹ lágbègbè Guangzhou níbẹ̀ yẹn wà lára ohun tí àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé kà sí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú.

Ní ti omi gbígbóná, ó ti pẹ́ tí ìṣègùn wọn ti ń ka nǹkan tútù sí ọ̀tá ikùn. Ṣùgbọ́n ìjọba ló sọ ọ́ di àṣà gbogbo ilé. Wọ́n polongo rẹ̀ ní 1934, wọ́n tún gbé e dìde ní 1952, nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn aráàlú pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Kòkòrò àrùn inú omi ni wọ́n ń sá fún. Ìdí tó bọ́gbọ́n mu nìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu n'Íbàdàn náà. Omi gbígbóná kì í yọ́ ọ̀rá inú ara, omi tútù tó mọ́ kò sì ní ṣe Màmá ní nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà má máa mu ún nígbà tó ṣì ń jóni lẹ́nu: láti 2016 ni àjọ jẹjẹrẹ kan náà ti kìlọ̀ pé ohun mímu tó gbóná ju 65°C lọ ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Ọ̀rọ̀ báàfù ló ń kọ mí lóminú jù. Tí ìtọ̀ ṣúgà bá ti pẹ́ lára, ó máa ń pa iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ gbígbóná lára. Ẹsẹ̀ á wà nínú omi tó ń bó o, ẹni tó ni ín á sì ní ó ń tu òun lára. Ilẹ̀ á mọ́, awọ ti ṣí, egbò ìtọ̀ ṣúgà kì í sì í tètè jinná. Dípò ìyẹn, kí Màmá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ lálẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí wọ́n fi tọ́ omi náà wò, tàbí kí ọmọ ilé bá wọn fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Kí wọ́n nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ, kí wọ́n wá fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá ó ti là tàbí nǹkan ti gún un. Tí wọ́n bá rí egbò, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Èso pupa inú fúláàsì yẹn ni gouqi, ìpínlẹ̀ Ningxia ló lórúkọ jù fún un. Oúnjẹ ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ kò burú fún Màmá, àyàfi tí dókítà bá fi warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kún oògùn wọn, torí tí méjèèjì bá pàdé, ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Àpò àgbo ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Gancao, gbòǹgbò dídùn kan, wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbo Ṣáínà. Tí èèyàn bá ń mu ún lemọ́lemọ́, ó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń lé potassium jáde lára, bẹ́ẹ̀ nítorí ìfúnpá yìí ni Màmá ṣe ń lo amlodipine. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn lo kápúsù tó ní egbòogi Ṣáínà nínú. Fangji ló yẹ kó wà níbẹ̀, guang fangji tórúkọ wọn jọra ni wọ́n fi sí i, kíndìnrín àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bàjẹ́. Kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, òun náà ló ń gbé metformin jáde lára. Tí àgbo bá bà á jẹ́, metformin á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Àwọn kan tún wà tí kì í ṣe ewé rárá: ní Singapore ní 2008, ṣúgà ara àwọn ọkùnrin tó lo oògùn agbára tí wọ́n pè ní ewé já wálẹ̀, àwọn kan kú. Glibenclamide ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo fojú tín-ín-rín egbòogi wọn. Oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù wa báyìí, inú ewé qinghao ló ti wá. Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà kan, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin pé kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu ún fún ibà. Ìlà yẹn ló la ọ̀nà fún Tu Youyou, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 nítorí oògùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ṣe é: ẹranko ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ní 1972 òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu ún fúnra wọn, ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó fún aláìsàn. Ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àpò tí onílé yín mú wá?

Wọ́n á tún sọ fún yín pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni kí èèyàn ti sùn, pé wákàtí méjì-méjì ní ẹ̀yà ara tirẹ̀. Ti ẹ̀yà ara yẹn, n ò rí ẹ̀rí rẹ̀. Kí Màmá sùn lásìkò kan náà lójoojúmọ́, ìyẹn dáa.

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ọgbà yẹn, kí ẹ ya fídíò ìṣípòpadà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp. Kí wọ́n má dá oògùn kankan dúró. Tí onílé bá bi yín ìdí tí ẹ ò fi ra àgbo, ẹ ní apòògùn Màmá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ gbogbo ewé inú rẹ̀ ránṣẹ́ sóun.